Ọṣẹ Tí Kì í Tán

Ní ilé-ìwòsàn kan báyìí, ẹni tó bá fẹ́ wọ wọ́ọ̀dù òkè, ọwọ́ ló máa kọ́kọ́ fi hàn kó tó fi ojú hàn. Ẹnu ọ̀nà ni ọ̀gá nọ́ọ̀sì wọn máa ń dúró sí láàárọ̀, á ká apá mọ́ àyà, á máa wo ìka àwọn èèyàn bí ẹni tó ń yẹ ẹyin wò kó tó rà á. Ìyá Ọlọ́ṣẹ ni wọ́n ń pè é. Kò ta ọṣẹ rí, kò sì sí ẹni tó ta á nínú ìdílé wọn, ọwọ́ fífọ̀ tó sọ di ẹ̀sìn ló fún un lórúkọ. Inú rẹ̀ sì máa ń dùn bí wọ́n bá pè é bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá àgbà àwọn dókítà kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, ó ń fi ìgbéraga bọ̀, ó fẹ́ wọlé. Ìyá Ọlọ́ṣẹ na apá dí ọ̀nà.

"Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá. Ọwọ́ dà?"

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́ nísàlẹ̀ ni."

"Ìsàlẹ̀ kẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ tún un fọ̀."

Ọ̀gá àgbà tún un fọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ìwé bo ẹnu, wọ́n ń rẹ́rìn-ín kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó tún bá obìnrin yìí jiyàn lórí ọ̀rọ̀ ọwọ́ mọ́.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo ibi ìfọwọ́ tó wà ní wọ́ọ̀dù rẹ̀ ni wọ́n kan ike ọṣẹ olómi mọ́ ògiri. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń gbé kẹ́ẹ̀gì ọṣẹ kiri láàárọ̀, á dà á kún inú ike kọ̀ọ̀kan, á wá bu omi díẹ̀ lé e kó lè máa ṣàn dáadáa. Kì í dúró kó tán kó tó fi kún un. Láti ìgbà tí wọ́n ti kan àwọn ike náà mọ́ ògiri, kò sí ọ̀kan tó gbẹ rí, kò sì sí èyí tí wọ́n yọ láti fọ̀ rí. Ta ló ń fọ ohun tí ọṣẹ wà nínú rẹ̀? Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń bu omi fún odò mu.

Tìsàlẹ̀ yàtọ̀. Wọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀ náà ń gba àwọn ọkùnrin tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ egungun fún, àmọ́ ọ̀gá nọ́ọ̀sì tibẹ̀, obìnrin kan tí ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, kò fi ọ̀rọ̀ ọṣẹ pa ara rẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín ni wọ́n ń pe òun. Ike ọṣẹ kéékèèké ni tiwọn. Bó bá tán, wọ́n á dojú rẹ̀ bolẹ̀, wọ́n á gbọ̀n ọ́n títí, wọ́n á wá jù ú sínú ìdọ̀tí. Nígbà míì, òmíràn lè má tètè dé, omi lásán ni wọ́n á máa fi ṣan ọwọ́. Bí Ìyá Ọlọ́ṣẹ bá gba ibẹ̀ kọjá, á yínmú. Ó máa ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé, "Ilé tí ọṣẹ bá ti tán, àrùn ti gba kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀."

Ṣùgbọ́n wọ́ọ̀dù òkè ni àrùn gbà lọ.

Bíríkìlà kan ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Òkúta ló fọ́ ọ lẹ́sẹ̀, wọ́n sì ti tò ó, ó ti ń fi igi méjì rìn lọ sí ojú fèrèsé láti bú àwọn tó ń kọ́ ilé kan lódìkejì pé ògiri wọn wọ́. Lójijì, ojú ọgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, ó ń ṣomi, ó ń rùn. Ibà wọlé sí i lára. Dókítà fún un ní oògùn apakòkòrò tí wọ́n sábà máa ń lò, kòkòrò ò mira. Wọ́n fún un ní èyí tó lágbára jù ú lọ, kò mira. Wọ́n wá lọ gbé èyí tí wọ́n ń tọ́jú pa mọ́ fún ọjọ́ burúkú, òun náà dà bí omi lára rẹ̀. Bíríkìlà kú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìntì, tó kàn wá ṣe iṣẹ́ abẹ ìbàdí. Bó ṣe ṣe bíríkìlà ló ṣe olùkọ́.

Dókítà obìnrin kan wà nínú yàrá àyẹ̀wò tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó máa sin kòkòrò àìfojúrí nínú àwo, kó máa wo oògùn tó lè pa á. Dókítà Kòkòrò ni gbogbo ilé-ìwòsàn ń pè é. Ó gòkè wá, ojú rẹ̀ kò dáa.

"Mà," ó sọ fún Ìyá Ọlọ́ṣẹ, "kòkòrò kan náà ló pa àwọn méjèèjì. Gbogbo oògùn tí mo fi sínú àwo, ńṣe ló ń hù yí wọn ká. Ó ti bá gbogbo wọn jà rí, ó sì ti mọ bó ṣe ń borí wọn. Àwọn èèyàn yín ń gbé e láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì. Mi ò tí ì mọ ọ̀nà tó ń gbà."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún ọ̀gá nọ́ọ̀sì lọ́kàn. Ní wọ́ọ̀dù tiẹ̀? Ó pe gbogbo ọmọ iṣẹ́ jọ. Ó ní tẹ́lẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń fọwọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kan aláìsàn. Láti òní lọ, ẹ̀ẹ̀mejì ni. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì ọṣẹ, ó fi kún gbogbo ike títí wọ́n fi ń tú jáde. Ẹ̀rù ń bà á, àmọ́ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni àbúrò rẹ̀ já bọ́ láti orí òrùlé.

Káfíńtà ni àbúrò yìí, òrùlé ni iṣẹ́ rẹ̀. Ìyá wọn kú nígbà tó ṣì ń rákò, ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí ló ti mọ ayé. Kò ní alábàárò méjì. Bí wọ́n bá ní kó yan ìyàwó, á ní kí wọ́n lọ bi Àǹtí òun. Lọ́jọ́ tí àkàbà yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ bó ṣe fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ láti orí òrùlé, egungun ojúgun rẹ̀ dá, ó yọ síta láti inú awọ. Ìyá Ọlọ́ṣẹ ò sí níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n gbé e sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un, tí wọ́n fi irin sí i lẹ́sẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi máa sáré dé, ó bá a tó jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, tó ń sọ ìtàn bó ṣe já bọ́ fún àwọn tó wà ní wọ́ọ̀dù, tí gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín.

"Àǹtí mi, ẹ má sunkún o. Ilẹ̀ ni kí ẹ lọ kí kú ìpalára, èmi ni mo já lù ú."

Ẹ̀rín pa á, ẹkún náà gbọ̀n ọ́n. Ó ṣí bándéèjì wò: ojú ọgbẹ́ mọ́, ó gbẹ, kò wú. Ó yẹ kí èyí tó o. Àmọ́ bó ṣe yíjú, ó rí ike ọṣẹ kan tó dojú bolẹ̀ létí ibi ìfọwọ́, òfìfo.

Ó lọ bá Ẹlẹ́rìn-ín. "Mo fẹ́ gbé àbúrò mi lọ sókè."

Ẹlẹ́rìn-ín ò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ rí ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo sì gbọ́ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀ lókè lọ́hùn-ún."

"Kí lẹ gbọ́? Ṣé ẹ̀yin tí ẹ ń fi omi lásán ṣan ọwọ́ lẹ fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́?"

"Mi ò kọ́ yín níṣẹ́, mà. Mo kàn ń bẹ̀ yín ni."

"Ẹ má bẹ̀ mí. Ẹ̀jẹ̀ mi ni."

Ẹ̀bẹ̀ ò wọ̀ ọ́ létí. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti gbé káfíńtà gun òkè, wọ́n tẹ́ ẹ sí bẹ́ẹ̀dì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì ọ̀gá nọ́ọ̀sì gan-an. Ó sọ fún àbúrò rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn pé, "Fọkàn balẹ̀. Ní wọ́ọ̀dù mi, ìdọ̀tí ò lè fojú kan ọgbẹ́ rẹ. Ọwọ́ mi nìkan ló máa kàn án."

"Ṣé kì í ṣe pé ẹ máa fi ọṣẹ bó mi láwọ?" ni káfíńtà wí. "Ẹ rántí bí ẹ ṣe ń wẹ̀ mí ní kékeré. Etí mi ṣì ń ta mí."

Ọ̀rọ̀ yìí ń bí mi nínú, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Inú ọṣẹ ni ọ̀tá náà ń gbé. Ìsàlẹ̀ àwọn ike tí kì í gbẹ yẹn ló fi ṣe ilé, níbi tí ọṣẹ àtijọ́ ti ń pẹ́ sí lábẹ́ ọṣẹ tuntun, tí omi ti sọ ọ́ di yẹpẹrẹ tí kò lè pa nǹkan kan mọ́. Ó bímọ síbẹ̀, ọmọ rẹ̀ náà bímọ. Nísàlẹ̀, ọṣẹ a máa tán, kòkòrò tó bá fẹ́ fi ibẹ̀ ṣelé á bá ike lọ sórí ààtàn. Lókè, kò sẹ́ni tó lé e rí. Ìyá Ọlọ́ṣẹ fúnra rẹ̀ ló ń gbé oúnjẹ lọ bá a láràárọ̀.

Ó ń lo ìbọ̀wọ́ o, ẹ má rò pé kò mọṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ lásán ló fi ń tú bándéèjì, inú omi ọṣẹ yẹn náà ló sì ń ki aṣọ bọ̀, tó fi ń nu awọ tó yí ọgbẹ́ ká, nítorí pé ó fẹ́ kó mọ́ tónítóní. Fún àwọn aláìsàn yòókù, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń fọwọ́. Fún àbúrò rẹ̀, ó ń fọ̀ ọ́ títí ìka rẹ̀ fi ń hunjọ. Bó bá ṣe ń fọ̀ ọ́ tó, bẹ́ẹ̀ ló ń bu ikú sọ́wọ́ sí i.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni káfíńtà ní ẹsẹ̀ ń yún òun. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò tí ì tú bándéèjì tán tí òórùn yẹn fi kàn án nímú. Ó mọ òórùn náà. Ó ti gbọ́ ọ lára bíríkìlà, ó ti gbọ́ ọ lára olùkọ́. Ó fi ọwọ́ di irin bẹ́ẹ̀dì mú.

"Kí ni, Àǹtí mi?"

"Kò sí nǹkan kan. Ó kàn rẹ̀ mí ni."

Dókítà Kòkòrò padà wá, ó sì gbé àpótí rẹ̀ dání. Kò sí ibi tí kò fi òwú nù nínú wọ́ọ̀dù yẹn: irin bẹ́ẹ̀dì, ẹnu ẹ̀rọ omi, aṣọ fèrèsé, fóònù àwọn dókítà, títí kan bàtà àwọn tó ń gbálẹ̀. Kò rí ohun tó ń wá. Ló bá ní kí àwọn nọ́ọ̀sì wá fi ìka tẹ àwo òun, kí wọ́n lọ fọwọ́, kí wọ́n sì tún wá tẹ òmíràn. Wọ́n rò pé ó fẹ́ yìn wọ́n ni, wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n ń ṣàwàdà.

Nígbà tí àwọn àwo náà hù, ó pe Ìyá Ọlọ́ṣẹ sí yàrá tí wọ́n ń kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì sí, ó ti ilẹ̀kùn, ó tẹ́ àwo méjì síwájú rẹ̀. Ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Èkejì kún fún àmì rekete, wọ́n so mọ́ra wọn, wọ́n ń dán.

Ọ̀gá nọ́ọ̀sì nawọ́ sí èyí tó kún. "Ẹ ò rí ohun tí mò ń sọ? Ọwọ́ tí wọn ò fọ̀ rèé."

"Rárá, mà. Èyí tí wọ́n fọ̀ nìyẹn."

"Ẹ ti pa wọ́n pọ̀ mọ́ra wọn."

"Mo tún un ṣe, mà. Ọwọ́ yín náà wà níbẹ̀."

Wọ́n jọ lọ sí ibi ìfọwọ́ tó súnmọ́ jù, Dókítà Kòkòrò sì fi irin pẹlẹbẹ kan tú ike ọṣẹ kúrò lára ògiri. Ó da ọṣẹ inú rẹ̀ nù. Nǹkan kan lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ike náà, ó ń yọ̀ bí ara ìgbín. Ìyá Ọlọ́ṣẹ wò ó. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Òun sì nìyí, tí kò mọ̀ pé ata wà lẹ́nu òun. Ìtìjú mú un, ìbànújẹ́ mú un, àmọ́ ìbẹ̀rù ló ga jù, torí pé ẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀ ṣì ń rùn.

Wọ́n tú gbogbo ike kúrò lára ògiri lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Dókítà oníṣẹ́ abẹ wá yẹ ẹsẹ̀ wò, ó fa ọ̀gá nọ́ọ̀sì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Oògùn kan péré ló kù tí kòkòrò yìí ò tí ì mọ̀ dáadáa. Oògùn àtijọ́ ni, ó máa ń ba kíndìnrín jẹ́. Kò lè dá iṣẹ́ náà ṣe, ó kàn lè dá a dúró díẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ ká gé ẹsẹ̀ náà lókè orúnkún, lónìí. Bó bá fi wọnú ẹ̀jẹ̀, a ò ní rí ohun tá a máa gé mọ́."

"Ẹ ti sọ fún un?"

"Mo ti sọ fún un. Ó ní kí n lọ gé ti ẹlòmíràn."

Òótọ́ ni. Ibà ti ń jó káfíńtà, ojú rẹ̀ ti pọ́n, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò yí padà. Ó ní ẹni tó ń gun òrùlé kò lè fi ẹsẹ̀ kan gun àkàbà. Ó ní òun ò bẹ̀rù, ọwọ́ tó tọ́ òun dàgbà ló ń tọ́jú òun.

Ìyá Ọlọ́ṣẹ jókòó tì í. "Àbúrò mi, gbà kí wọ́n gé e."

"Àǹtí mi, ẹ̀yin náà?"

"Mo bẹ̀ ọ́."

"Ẹ wò mí lójú. Ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ pé ọwọ́ yín nìkan ló máa kàn án? Ó ti ń kàn án. Kí ló wá ń lé dókítà yẹn léré? Ẹ máa tọ́jú mi lọ, ó máa san."

Ó fẹ́ sọ òótọ́. Àmọ́ irọ́ kan ti wà nílẹ̀ tó rọrùn láti gbé, ó sì gbé e.

"Ìsàlẹ̀ lo ti kó àrùn yìí. Wọn kì í fọwọ́ níbẹ̀. Ó ti wọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀ kí n tó gbé ọ wá."

Káfíńtà mí kanlẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ ò rí i? Mo mọ̀ pé ìsàlẹ̀ ni. Ọpẹ́lọpẹ́ yín tí ẹ gbé mi kúrò níbẹ̀. Ohun tí wọ́n bá fi sí i, ọwọ́ yín ló máa yọ ọ́. Ẹ lọ sọ fún dókítà kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu."

Ó di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú, ó fi lé àyà rẹ̀, ó dijú. Gbígbóná ara rẹ̀ ń jó ìka obìnrin náà. Ìgbà yẹn ló yé e pé ohun tó máa pa àbúrò òun kì í ṣe kòkòrò nìkan mọ́. Ìgbàgbọ́ tó ní nínú òun náà á bá kòkòrò pa á. Bí òun bá gba ìgbàgbọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó lè yè. Bí òun bá fi í sílẹ̀ fún un, á fi ẹ̀rín kú sọ́wọ́ òun.

Ó fa ọwọ́ rẹ̀ yọ.

"Irọ́ ni mo pa. Gbọ́ mi dáadáa. Ẹsẹ̀ rẹ mọ́ nígbà tí mo bá ọ nísàlẹ̀. Ọwọ́ mi ló kó o ràn ọ́. Inú ọṣẹ mi ló wà, gbogbo ìgbà tí mo bá fọwọ́ ni mo ń gbé e wá fún ọ."

Káfíńtà la ojú. "Ẹ̀ ń sọ èyí kí n lè gbà ni."

"Mò ń sọ ọ́ kí o lè gbà, òótọ́ sì ni. Lọ bi Dókítà Kòkòrò. Ó fi hàn mí nínú àwo."

Káfíńtà wò ó pẹ́. Ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì yíjú sí ògiri, ó ń díbọ́n bí ẹni tó ń sùn.

"Àwọn tó kú níbí kí n tó dé ńkọ́?"

"Àwọn náà."

"Ẹ̀yin?"

"Èmi ni."

Kò pariwo. Ìbá sàn fún un bó bá pariwo. Ó yí orí sí òdìkejì, omi ń jáde lójú rẹ̀, ó ń ṣàn bọ́ sínú etí. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ pe dókítà. Ẹ ní mo gbà."

Wọn ò fi àkókò ṣòfò. Wọ́n gbé oògùn àtijọ́ yẹn kọ́ sí i lára, ọkùnrin méjì sì ti bẹ́ẹ̀dì onítáyà dé láti gbé e lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ. Gbígbé irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ gba ẹni mẹ́ta: ọ̀kan níbi ẹsẹ̀, ọ̀kan níbi ìbàdí, ọ̀kan á fi ọwọ́ gbé orí ró. Ìyá Ọlọ́ṣẹ bọ́ sí ìhà ibi orí, ó na ọwọ́ méjèèjì láti kì wọ́n bọ abẹ́ ọrùn àbúrò rẹ̀.

Káfíńtà gbé ojú sókè, ó wò ó bí ẹni tí kò rí i rí.

"Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn gbé mi, nọ́ọ̀sì."

Àwọn ọkùnrin náà wo ara wọn. Ọ̀gá nọ́ọ̀sì ká ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó sì pe ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kó wá gbé e.